Orin Orílẹ̀-Èdè Tí Tíṣà Fi Kẹ̀kẹ́ Gbé Wá sí Ìlọ́rọ̀

Ẹ ní orin tuntun ni. Láti ìgbà tí ẹ ti ti ilé ìwé dé ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín: orin orílẹ̀-èdè tuntun, tíṣà ní kí a mọ̀ ọ́n sórí, tíṣà ní ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní jókòó. Tuntun kẹ̀. Orin tí mo ti ń kọ kí wọ́n tó bí bàbá yín, òun lẹ ń pè ní tuntun lójú mi. Ẹ bu omi wá kí n mu, kí ẹ sì gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Inú mi ń dùn lónìí, bí inú mi bá sì ti dùn báyìí, ọ̀rọ̀ mi kì í mọ níwọ̀n, ẹ yáa wá ibi jókòó sí. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Èkó, Yorùbá inú ìwé ni n ó fi sọ ọ́ kó lè yé yín. Bí ẹ bá gbọ́ ulé níbi tí ẹ ti ń retí ilé, ẹnu àwọn àgbà Ìlọ́rọ̀ ni mo ń sín jẹ.

Orin mẹ́ta ni mo ti kọ fún orílẹ̀-èdè yìí. Èyí tí ẹ ń kọ yìí ló ṣe ìkejì, òun náà ló tún padà wá ṣe ìkẹrin. Àkọ́kọ́ kì í tilẹ̀ ṣe tiwa, orin ọba àwọn òyìnbó ni. Nígbà tí mo wọ ilé ìwé, obìnrin ló wà lórí oyè lọ́hùn-ún. Láràárọ̀, wọ́n á fi irin lu rìmù ọkọ̀ tí wọ́n so kọ́ igi máńgòrò, a ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run kó dá ẹ̀mí obìnrin náà sí. Ìyá bàbá mi gbọ́ ọ títí, ó wá pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Obìnrin tí ẹ ń gbàdúrà fún láràárọ̀ yìí, ṣé òun náà ń gbàdúrà fún yín?" Ṣùgbọ́n ibi tí a bá bá ara ẹni là ń ṣe. Bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, a di ìkúùkù. A kọ orin náà, a sì kọ ọ́ dáadáa.

Ìgbà tí mo di tíṣà ìtàn ni mo tó mọ̀ pé orin ọba yẹn, ṣe ni wọ́n ń yí i padà. Bí ọkùnrin bá wà lórí oyè, wọ́n á kọ ọ́ fún ọkùnrin. Bí obìnrin bá gorí rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di ti obìnrin. Ẹni tó wà lórí àga nìkan ni orin náà mọ̀. Mo fẹ́ràn kí n máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní irú nǹkan wọ̀nyí. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí ẹ bá fẹ́ mọ ìlú kan, ẹ bi orin rẹ̀ léèrè: ta ló bí ọ, kí ni ojú rẹ ti rí? Ẹ wo ti Faransé. Sójà kan ló kọ ọ́ nígbà tí ogun ká wọn mọ́lé, ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ ṣe kún inú rẹ̀ títí dòní. Ti Sípéènì kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn bá tò, ẹ máa wo ẹnu wọn, pípa dé ni, ohùn fèrè nìkan ni ẹ ó máa gbọ́, torí wọn kò tíì rí ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn lè fọwọ́ sí. Ti Gúúsù Áfíríkà ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì tún ń pa mí lẹ́kún: orin àwọn tí wọ́n fìyà jẹ àti orin àwọn tó fìyà jẹ wọ́n, wọ́n rán méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni.

Tiwa yìí, obìnrin òyìnbó ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, obìnrin òyìnbó mìíràn ló fún un ní ohùn. Àwọn èèyàn kùn nígbà náà. Wọ́n ní ṣé kò sí ẹni tó lè kọrin nílẹ̀ wa ni? Ìgbà tí ogun abẹ́lé ti jà tán, tí àwọn ológun ṣì wà lórí oyè, wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n kó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa mélòó kan pọ̀, wọ́n fi ṣe orin mìíràn. Àrámọ̀kọ ni wọ́n gbé mi sí lásìkò yẹn. Èmi ni mo fi í kọ́ gbogbo ilé ìwé wa, orin dáadáa sì ni, n kò ní bú u. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́ yẹn kò kúrò lẹ́nu mi. Bí mo bá ń gúnyán, òun ni. Bí mo bá ń gbálẹ̀, òun ni. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, á ní, "Ìyá Bùnmi, ìjọba ti fòfin de orin yẹn o." Mo ní kí wọ́n wá mú mi.

Àfi bí mo ṣe jí ní ọjọ́ kan tí wọ́n ní wọ́n ti dá a padà. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Bàbá tó fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, tó ń gbé òdìkejì wa yìí, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bínú. Ó ní, "Ebi ń pa wá, orin ni wọ́n ń pààrọ̀." Òótọ́ ló sọ, mo sì sọ fún un pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú yàrá, ẹsẹ̀ mi ti ń jó. Ẹ̀yin kò lè mọ ohun tí orin yẹn jẹ́ sí mi. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ́.

Ọdún tí a gba òmìnira, mo wà ní kíláàsì karùn-ún, bàbá mi sì ti pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Àgbẹ̀ kòkó ni. Abà wa jìnnà sí Ìlọ́rọ̀, bí èèyàn bá gbéra láàárọ̀, oòrùn á ti wà lórí kó tó débẹ̀. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kòkó ń pọ́n lórí igi, ọwọ́ kò sì tó. Bàbá mi ní, "Ọmọbìnrin tó ti mọ orúkọ rẹ̀ kọ, tó lè ka Bíbélì sí mi létí, kí ló tún kù?" Ẹ má bá mi bú u o. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ó sì fẹ́ràn mi. Ní ayé ìgbà náà, ọmọ mẹ́wàá ló ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú ọmọ mọ́kànlá, bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ báyìí, ó parí nìyẹn, o ò ní rí wọn mọ́ lórí ìlà. Lónìí, ọmọ ni wọ́n ń fi ẹgba lé lọ sí ilé ìwé. Ẹgba ni wọ́n ì bá fi lé èmi kúrò níbẹ̀.

Tíṣà kíláàsì wa ni Tíṣà Jẹ́gẹ́dẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kò tíì ní ìwé ẹ̀rí tíṣà, ṣùgbọ́n ó ní kẹ̀kẹ́, ṣòkòtò kakí rẹ̀ a sì máa le gan-an, ẹ̀kọ ló fi ń lọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá bẹ bàbá mi nítorí mi. Ìgbà kẹta, ó ní wọ́n ti mú ilé ìwé Ìlọ́rọ̀ láti dá orin orílẹ̀-èdè tuntun ní pápá Ìjerò lọ́jọ́ òmìnira, níwájú gbogbo ilé ìwé àgbègbè, pé ohùn mi ni òun fi yangàn tí wọ́n fi gbà. Nígbà yẹn kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní gbogbo ibí yìí, ohùn tó bá lè dé ẹ̀yìn èrò ni wọ́n ń wá. Bàbá mi fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ náà, n ó wá. Bí mo bá fojú ara mi rí ohun tí ọmọ yìí rí kọ́ tó ju iṣẹ́ oko lọ, á padà sí ulé ùwé. Bí n kò bá rí i, orí pápá yẹn ni yóò ti tẹ̀ lé mi lọ sábà."

Ẹ ò rí i. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Orin kan ṣoṣo, ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ tún wá wo bí orin ṣe ń rìn láyé ìgbà yẹn. Ẹ̀yin tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ó dún, kò gba ìṣẹ́jú kan. Ní ìgbà tiwa, rédíò kan ṣoṣo ló wà ní Ìlọ́rọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ra kòkó, bátìrì rẹ̀ tó búlọ́ọ̀kù, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló rán tíṣà kan lọ sí Ìjerò fún ọjọ́ méjì, láti lọ kọ́ orin náà, kí ó sì dà á kọ sínú ìwé. Tíṣà Jẹ́gẹ́dẹ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Táyà bẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń ti kẹ̀kẹ́ nínú òjò, nígbà tó fi máa débẹ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ dúró pẹ̀lú àwọn tíṣà ọkùnrin tó wà lẹ́yìn. Ó dúró síbẹ̀, ó kọ ohun tí wọ́n ń kọ, ó da ohun tí wọ́n ń wò kọ.

Ọjọ́ tó ń bọ̀ láti Ìjerò, a ti ń wọ̀nà fún un ní orí òkè. Bí a ṣe gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀, gbogbo wa sáré lọ bá a. Ó fa ìwé yọ nínú àpò àyà rẹ̀, ó ti ká a sí mẹ́rin, ó sì gbé e sókè bí ẹni tó ru ẹyin. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ sólfà rẹ̀ sójú pátákó, dò, rè, mí, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka, àwa ń tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni. A kọ ọ́ lójú omi, a kọ ọ́ nídìí kòkó tí a ń fọ́, àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n lẹ́nu wa. Orin náà kì í gòkè púpọ̀. Ó ń rìn lójú kan, bí ẹni tó ru ìkòkò omi tí kò fẹ́ kó dànù. A rò pé bí orin òmìnira ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ọjọ́ pé. Ilẹ̀ mọ́ bá wa lójú ọ̀nà Ìjerò, ọgọ́ta ọmọ, aṣọ ilé ìwé wa funfun, ẹsẹ̀ wa pupa fún erùpẹ̀. Ẹ ì bá rí Ìjerò lọ́jọ́ náà. Ìkòkò ìrẹsì tó tó àgbá, wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àsíá kékeré àti ife tí a ó fi gba ìrẹsì. Àwọn ọba jókòó sábẹ́ agboòrùn, ọlọ́pàá wọ aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n fi okùn pa ààlà fún àwọn òbí. Mo rí bàbá mi lẹ́yìn okùn, ó wọ agbádá ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ẹrù kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe wò ó dáadáa, ẹní mi ni, tí wọ́n fi di aṣọ mi. Ó ti gbé ẹrù mi dání wá láti ilé.

Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ igi tirẹ̀, wọ́n ń tún orin wọn yẹ̀ wò. Ìgbà náà ni a gbọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ìlú Ara. Orin wọn ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, kò jọ tiwa rárá. Ẹ̀rín pa wá. A ní ẹ gbọ́ àwọn ará Ara, wọn ò mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́, ilé ìwé mìíràn bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún, ohun tí àwọn ọmọ Ara kọ gan-an ni wọ́n kọ. Ẹ̀rín wa rọ díẹ̀. Ìkẹta bẹ̀rẹ̀. Ìkẹrin. Gbogbo wa kọjú sí Tíṣà.

Tíṣà ti fa ìwé yẹn yọ. Ó pe tíṣà kan láti ilé ìwé mìíràn, ó fi hàn án. Ẹni yẹn wò ó, ó ní, "Jẹ́gẹ́dẹ́, tẹ́nọ̀ lo dà kọ yìí. Tírẹ́bù ńkọ́?" Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́ akọrin. Tírẹ́bù ni ohùn orin gan-an, èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Tẹ́nọ̀ ni ohùn tí àwọn ọkùnrin kan máa ń fi gbè é lábẹ́. Àwọn tíṣà tó wà lẹ́yìn ní ọjọ́sí, àwọn tí wọ́n ní kó lọ dúró tì, tẹ́nọ̀ ni wọ́n ń kọ. Ìjọ tí Tíṣà wa ti jáde, ohùn kan ṣoṣo pẹ̀lú àtẹ́wọ́ ni gbogbo ìjọ fi ń kọrin, kò mọ̀ pé ẹnìkan lè máa fi ohùn mìíràn kọ orin kan náà. Nígbà tó ń gbọ́ àwọn tó wà níwájú, ó rò pé àwọn yẹn ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó wá gbé ẹ̀gbẹ́ orin wálé, ó fi orin sílẹ̀ sí Ìjerò. Ọgọ́ta ọmọ ló kọ́ ní tẹ́nọ̀.

Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó ní, "N ó lọ bá ìnsípẹ́kítọ̀, n ó ní kí wọ́n fún ilé ìwé mìíràn ní orin dá." Mo wo ẹ̀yìn okùn, mo wo ẹrù mi nílẹ̀. Bí wọ́n bá gba orin dídá lọ́wọ́ wa, kí ni bàbá mi máa rí? Mo di aṣọ Tíṣà mú. N kò di aṣọ tíṣà mú rí láyé mi, ní ìgbà tiwa ìwọ̀sí gbáà ni. Mo ní, "Ẹ má lọ, Sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ gbọ́ ọ wá."

Ó wò mí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ó ní, "Sáré."

Mo sáré dé abẹ́ igi àwọn ará Ara. Ọmọbìnrin kan wà níwájú wọn tó ń jẹ́ Kọ́ńfọ́ọ̀tì, ó gbé orí sókè, ìmú rẹ̀ gún. Mo ní, "Jọ̀ọ́, kọ orin yẹn sí mi létí." Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń fi wá rẹ́rìn-ín láìpẹ́ yìí?" Mo ní àwa ni, kó má bínú. Ó ní kí ni òun máa rí gbà níbẹ̀. Ìrẹsì, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àwa ń jẹ ẹ́, lọ́jọ́ Kérésìmesì. Mo gbé ife mi fún un, mo ní kó gba ìrẹsì tèmi mọ́ tirẹ̀. Ó kọ ọ́ sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bá a kọ ọ́ nígbà kẹrin. Bí mo ṣe ń ṣí ẹnu fún ìkarùn-ún, fèrè àwọn ọlọ́pàá dún, wọ́n ní kí gbogbo ilé ìwé tò.

Mo sáré padà. Tíṣà béèrè pé ṣé mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ní mo rò bẹ́ẹ̀. Kò sí àyè mọ́ láti fi kọ́ àwọn tó kù. Ó yíjú sí wọn, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má kọrin o. Ẹ kàn máa la ẹnu lásán. Ẹni tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni." Wọ́n ní "Yẹ́s, Sà."

Wọ́n gbé mi lé orí tábìlì. Wọ́n ń fa àsíá àtijọ́ wálẹ̀, wọ́n ń so tuntun. Aláwọ̀ ewé, funfun, aláwọ̀ ewé, ó ṣì ká jọ sórí okùn. Ọlọ́pàá tó ń fa okùn rẹ̀ mi orí sí mi pé kí n bẹ̀rẹ̀. Mo la ẹnu, mo dá orin, orin Kọ́ńfọ́ọ̀tì ni mo dá. Ilé ìwé gbogbo gbà á, ariwo rẹ̀ gba pápá, ó gba òkè, mo ní nínú mi pé ó ti bọ́ sí i. Kò tíì pẹ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ àwọn ará Ìlọ́rọ̀.

Ṣé ọmọ ló máa ní òun ò kọrin lọ́jọ́ òmìnira? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti fi ń kọ ọ́, àsíá ń gòkè lójú wọn, wọ́n gbàgbé Tíṣà. Ẹnu gbogbo wọn là pọ̀, tẹ́nọ̀ ni, pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Mo fẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo wá gbọ́ ohùn wọn tó ń bọ̀ lábẹ́ tèmi, kò bá tèmi jà. Ó gbé e ró. Ibi tí orin wa bá gòkè, tiwọn á dúró dè é. Ibi tó bá sọ̀kalẹ̀, wọ́n á pàdé rẹ̀ níbẹ̀. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. N kò mọ̀ pé orin tí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ kò dá wà, pé ó ní èkejì níta. Omi ń bọ́ lójú mi, mo ń kọrin lọ. Àsíá tú.

Nígbà tí a parí, ìnsípẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀ rìn wá sọ́dọ̀ wa, ó bọ Tíṣà lọ́wọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò tíì rí ilé ìwé inú oko tó fi ohùn méjì kọrin. Tíṣà ń sọ pé, "Ẹ ṣé, Sà, ẹ ṣé, Sà." Àwọn tíṣà yòókù ń wò ó tìlara-tìlara. Mo ti bẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, mo ń sáré lọ bá bàbá mi, inú mi ń dùn bí ẹni tó gba ìjọba.

Ojú bàbá mi kò túká. Ó ní, "Mo ti gbọ́ yín. Gbogbo ulé ùwé kọ ọ̀kan, tiyín nìkan ló kọ òmíràn. Iwájú ọba mélòó ni ẹ ti dójú tì mí yìí?" Mo fẹ́ sọ pé ìnsípẹ́kítọ̀ yìn wá, kò dúró gbọ́. Ó ní, "Gbé ẹrù rẹ." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo di ẹní náà mú.

Tíṣà Jẹ́gẹ́dẹ́ dé bá wa níbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi ní, "Tíṣà, kí ló dé tí àwọn ọmọ rẹ ya ọ̀nà?" Ẹ gbọ́ o. Ó lè sọ pé bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń kọrin nìyẹn, ìnsípẹ́kítọ̀ ṣì wà nítòsí tí yóò jẹ́rìí sí i. Iyì ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kò sí ẹni tó máa gbà á. Ṣùgbọ́n ó ní, "Bàbá, àṣìṣe mi ni. Èmi ni mo kó èyí tí kò yẹ wálé, tí mo fi kọ́ wọn. Àárọ̀ yìí ni mo tó mọ̀. Èyí tó tọ́, tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ọmọ yín lórí tábìlì, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Òun ló sáré lọ wá a, kò sì tó àkókò tí ẹ̀yin fi máa jẹ orógbó kan tán."

Bàbá mi wo Tíṣà títí. Ó ní, "Ìwọ ni tíṣà, ìwọ lo ṣì í?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ọmọ yìí ló tún un ṣe?"

"Òun ni."

Bàbá mi gba ẹrù náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, tòun ti agbádá, ó sì kọjú sọ́nà. Mo tẹ̀ lé e. N kò mọ ibi tí à ń lọ, nítorí ọ̀nà abà àti ọ̀nà ilé, ọ̀kan náà ni wọ́n láti Ìjerò títí a fi máa dé Ìlọ́rọ̀. A rìn títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ń kùn nínú ọ̀fun. Mo tẹ́tí. Tẹ́nọ̀ ni, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, ó ti ṣì í níbi méjì.

Ó ní láìbojúwẹ̀yìn pé, "Èyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ kọ yìí, ó dùn mọ́ mi létí o. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bí o bá ti ulé ùwé dé, kí o wá fi kọ́ mi."

Mọ́ńdè, ó ní. Ulé ùwé, ó ní. Mo ti ń sáré lọ níwájú rẹ̀, n kò gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀ lé e.